Sítáà kì í ṣe ẹyọ kan: ìfiwéra sukudiráfà Phillips, Pozidriv àti JIS

Bí ènìyàn bá yà sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta irin iṣẹ́ ní Òwódé-Oníìrìn tàbí ní Ògùnpa, tí ó sì ní òun fẹ́ ra sukudiráfà sítáà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọlọ́jà máa ń bi í: ṣé ńlá ni tàbí kékeré? Ìbéèrè yẹn kò tó. Lábẹ́ orúkọ tí gbogbo wa ń pè ní sítáà yìí, ó kéré tán, oríṣi mẹ́ta ló wà nínú àwọn sukúrù tó ń wọ ilé àti ìsọ̀ wa: Phillips tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Pozidriv tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àti JIS tí í ṣe ti àwọn ará Japan. Lójú ẹni tó bá wò wọ́n láti òkè, àgbélébùú ni gbogbo wọn. Inú ihò náà ni wọ́n ti yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnu sukudiráfà ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń ba ojú sukúrù jẹ́ kì í sábà jẹ́ àìlágbára ẹni tó ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ ti ìpẹtà. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin tí kì í ṣe tirẹ̀ ni a kì bọ̀ ọ́ lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó fẹ́ ra irin iṣẹ́, tàbí ẹni tí irin iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ tú nǹkan, lè mọ èyí tó yẹ kí ó mú àti èyí tó yẹ kí ó fi sílẹ̀ sínú àpótí.

Ìyà ló kọ́ èmi fúnra mi. Mo ní alùpùpù Japan kan nígbà kan tí epo ń jò lára kabúrétọ̀ rẹ̀. Sukúrù mẹ́rin ló di abọ́ ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ náà mú. Sukudiráfà tí mo mú jẹ́ tuntun, nọ́ńbà 2 ni wọ́n kọ sí i lára, ó sì dà bí ẹni pé ó wọ ojú sukúrù náà dáadáa. Mo yí i, ó fò jáde. Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fò jáde, ó sì há fúlẹ́fúlẹ́ irin dídán díẹ̀ kúrò lójú sukúrù náà. Nígbà tí mo fi máa gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ihò náà ti di róbótó bí èyí tí kòkòrò lu sára ẹ̀wà. Ìgbà tí mo ti ba èkejì jẹ́ ni mo tó ti alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún máṣíìnì ṣe ní àdúgbò wa. Bàbá kò tilẹ̀ wo àwọn tí mo ti bà jẹ́. Ó fi ẹnu ìṣó kékeré kan tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù, ó ní, “Ṣé o rí tóótó yìí, ọmọ mi? Èyí tó bá ti ní tóótó lórí, sukudiráfà tirẹ̀ yàtọ̀.” Mo ní, “Ẹ forí jì mí, bàbá, n kò mọ̀.” Ó fa ògbólógbòó sukudiráfà onígi kan yọ láti inú àpótí, ó gbé e lé e, ó yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sukúrù náà dún kẹ́, ó sì tú.

Phillips: èyí tí gbogbo ayé mọ̀

John P. Thompson, ará ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni ó kọ́kọ́ ní èrò náà. Henry F. Phillips, oníṣòwò ìlú kan náà, ni ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Thompson, tí ó tún un ṣe, tí ó sì gba ìwé páténtì lé e lórí ní ọdún 1936. American Screw Company gbà láti máa rọ ọ́, ilé iṣẹ́ General Motors sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ọkọ̀ Cadillac. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń wá nígbà náà ni sukúrù tí ẹ̀rọ lè yí wọlé kíákíá. Sukúrù olójú kan, èyí tí à ń pè ní fúláàtì, kò gbà fún ẹ̀rọ, nítorí pé ẹnu ẹ̀rọ máa ń yọ̀ kúrò lójú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì ha ara ọkọ̀. Àgbélébùú yàtọ̀ ní tirẹ̀: bí ẹnu irin bá ti lè kan ihò rẹ̀, yóò wá àárín fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìwà Phillips wà ni ògiri ihò rẹ̀. Àwọn ògiri náà kò nàró. Wọ́n dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ihò lọ sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnu èèkàn ti ń tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yí sukudiráfà, apá kan nínú agbára ọwọ́ wa ń yí sukúrù, apá kejì sì ń ti ẹnu irin gun òkè ògiri náà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dúró níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ó ti ń yí i. Bí agbára ìyí bá ti borí agbára ìtẹ̀, ẹnu irin á fò jáde. Àwọn kan máa ń sọ pé ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà yí sukúrù kọjá ààlà. Àríyànjiyàn wà lórí ìyẹn, n kò sì rí i pé ó ṣe ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ní àǹfààní kankan. Ohun tó kàn án ni pé kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ èèkù náà, kí apá àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú sukúrù.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le: àgbélébùú lásán ni, kò sí ilà kankan láàárín apá kan sí èkejì, àwọn igun tó wà ní àárín sì rọ̀ díẹ̀, wọn kò mú. Lára sukudiráfà, PH ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú nọ́ńbà. Ó wà nínú láàptọ́ọ̀pù, nínú fóònù, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, lára fáànù àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan mìíràn tó ń ti Ṣáínà àti Amẹ́ríkà wá. Sukúrù dúdú tí wọ́n fi ń kan bọ́ọ̀dù sílíìnì náà, PH2 ni. Níbi iṣẹ́ sílíìnì yìí nìkan ni mo ti lè gbóríyìn fún fífò jáde rẹ̀, nítorí pé bí orí sukúrù bá wọlé ju bó ti yẹ lọ, á fa bébà ojú bọ́ọ̀dù ya, kò sì ní di nǹkan mú mọ́.

Pozidriv: èyí tí a ń rí tí a kò mọ̀

Ilé iṣẹ́ GKN Screws and Fasteners ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé Pozidriv jáde ní nǹkan bí ọdún 1962, àrùn fífò jáde yìí gan-an ni wọ́n sì fẹ́ wò. Wọ́n mú kí ògiri ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró ṣánṣán, wọ́n sì fi ilà tín-ín-rín mẹ́rin mìíràn kún un ní igun tó wà láàárín apá àgbélébùú. Nítorí èyí, bí ẹ bá wo orí sukúrù Pozidriv nínú oòrùn, ẹ ó rí ìtànṣán mẹ́jọ: mẹ́rin tó jinlẹ̀, mẹ́rin tó kàn dà bí ohun tí wọ́n fi ẹnu abẹ́rẹ́ fà. Àwọn ilà wẹ́wẹ́ yẹn ni àmì rẹ̀. Lára sukudiráfà rẹ̀, ẹ ó rí ìlà irin kékeré tó yọrí láàárín apá kan sí èkejì, ẹnu rẹ̀ kò sì mú bíi ti Phillips. PZ ni wọ́n ń kọ sí i.

Bí PZ bá wọ ojú PZ, ó máa ń jókòó pinpin. Agbára ìtẹ̀ tí ó ń fẹ́ kéré, agbára ìyí tí ó lè gbà sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn káfíńtà fi fẹ́ràn rẹ̀ fún sukúrù gígùn tí ó ń wọ inú igi líle.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fi wọ́n gbara wọn. Sukudiráfà PH máa ń wọ ojú sukúrù PZ, èyí ló sì ń tan ènìyàn jẹ: ó wọlé, ó jìn, ó tilẹ̀ yí nǹkan díẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ irin náà kò fara kan ògiri títọ́ ihò náà àfi ní ibi tóóró kan ní òkè, gbogbo agbára ọwọ́ á wá rọ́ lé ibi tóóró yẹn. Bí sukúrù bá ń wọ igi rírọ̀, ẹ lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń bàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u ni ẹ ó mọ̀. Ní ìdàkejì, PZ kì í lè wọ ojú PH dópin, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kúkurú, àwọn ìlà kékeré ara rẹ̀ kò sì rí ibi tí wọ́n máa wọ̀. Èyí tilẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí pé ẹni tó ní làákàyè yóò tètè rí i pé kò bá a mu.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Yúróòpù ni Pozidriv ti gbilẹ̀ jù lọ. Sukúrù igi tí wọ́n ń tà níbẹ̀ fún ìnjìsì ilẹ̀kùn àti fún kíkan nǹkan mọ́ ògiri, PZ2 ló pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kọ́bọ́ọ̀dù àti ibùsùn tí ènìyàn ń rà ní páálí tí ó sì ń tò fúnra rẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní London àti Manchester ń bá a pàdé nígbà gbogbo, àwa tí a wà nílé sì ń bá a pàdé nígbà tí wọ́n bá di ẹrù ránṣẹ́, tàbí nígbà tí a bá ra àga tòkunbọ̀. Mo ti rí kọ́bọ́ọ̀dù tó dára, tó ti London dé láìní àléébù kankan, tí wọ́n pa lára níbí nígbà tí wọ́n ń tò ó, tí ojú gbogbo sukúrù ìnjìsì rẹ̀ jẹ tán, nítorí pé sítáà ni sítáà ń jẹ́ lójú ẹni tó tò ó. Ẹni tó bá rí sukúrù tí wọ́n kọ Supadriv sí páálí rẹ̀ lè mú PZ kan náà fún un.

Ti iná: àgbélébùú tí ilà kan tún la kọjá

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ iná ní ìṣòro tiwọn, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣí àpótí bíréékà, kí ẹ wo sukúrù tó di ẹnu wáyà mú: lọ́pọ̀ ìgbà, àgbélébùú ni, ṣùgbọ́n apá méjì tó kọjú síra fẹ̀ ju méjì tó kù lọ, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n la ojú fúláàtì gba àárín sítáà kọjá. Ẹni tó bá fi fúláàtì yí i yóò yí i, ṣùgbọ́n ẹnu fúláàtì á máa yọ̀ kúrò. Ẹni tó bá fi Phillips yí i yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́ kí ó tó di pé ó le tó. Sukudiráfà àdàpọ̀ wà fún un, tí wọ́n ń kọ PZ/S tàbí SL/PZ sí lára, tí apá méjì ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti fúláàtì, tí méjì yòókù sì jẹ́ ti Pozidriv. Ó wọ́n díẹ̀, ó sì ṣòroó rí ní ọjà kékeré, síbẹ̀ n kò mọ irin mìíràn tí mo lè gba onínáá nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ rà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé sukúrù bíréékà tí kò le kì í fi hàn lójú. Wáyà tó mì nínú ihò rẹ̀ á máa gbóná níbi tí ó ti kan irin, ooru yẹn á máa sọ ìfarakanra náà di èyí tí kò dán mọ́rán, ooru á tún pọ̀ sí i, títí tí ara bíréékà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ tí ilé á sì máa rùn bíi ṣiṣu jíjó. Onílé á ní bíréékà náà kò dára. Ó ṣeé ṣe kí bíréékà náà dára gan-an, kí ó jẹ́ pé ẹnu irin tí wọ́n fi dè é ni kò bá a mu.

Èèkù sukudiráfà onínáá gbọ́dọ̀ ní àkọlé 1000V pẹ̀lú àmì igun mẹ́ta méjì tó wọnú ara wọn, ìbòrí rọ́bà tàbí ṣiṣu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ bo ọ̀pá irin náà títí dé itòsí ẹnu. Rọ́bà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé mọ́ ọ̀pá irin kò jọ ọ́. Ẹni tó ní i náà gbọ́dọ̀ pa iná kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan.

JIS: tóótó kékeré

JIS ni ìkékúrú orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọjà ilé iṣẹ́ ní Japan, B 1012 sì ni nọ́ńbà èyí tó jẹ mọ́ ihò àgbélébùú. Ó jọ Phillips débi pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti fi ogún ọdún lò wọ́n láìmọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ìyàtọ̀ wọn ni pé igun àárín ihò JIS mú, kò rọ̀ bíi ti Phillips, ẹnu sukudiráfà rẹ̀ sì pẹ̀rẹ̀sẹ̀ ní ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bí a bá fi Phillips sí i, ṣóńṣó Phillips á ti kanlẹ̀ kí apá rẹ̀ tó jókòó mọ́ ògiri. Ó dà bí ìdérí ìkòkò tí nǹkan há sábẹ́ rẹ̀: ó wà lórí ìkòkò, kò sì dé e.

Ohun tí bàbá yẹn fi hàn mí ni àmì rẹ̀: tóótó kékeré kan, tàbí ihò bíńtín, ní ẹ̀gbẹ́ kan orí sukúrù náà, láàárín apá méjì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ní in, pàápàá àwọn ti àtijọ́. Nítorí náà, bí nǹkan náà bá ti Japan wá, tí kò sì sí ilà wẹ́wẹ́ Pozidriv lójú sukúrù, ẹ kà á sí JIS bí kò tilẹ̀ ní tóótó. Ẹ ó rí i lára kabúrétọ̀ àti ìdérí ẹ́ńjìnnì alùpùpù Honda, Yamaha àti Suzuki tó dàgbà, lára ẹ̀rọ ayàwòrán, àti nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Japan. Èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn ni sukúrù méjì tó máa ń di díìsìkì bíréékì ọkọ̀ Honda mọ́ ojú àyè rẹ̀: nọ́ńbà 3 ni, ooru àti omi ti sè é mọ́bẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá sì fi nọ́ńbà 2 dán an wò ti ṣe ara rẹ̀. Fún irú ìwọ̀nyí, ilé iṣẹ́ Vessel ti ìlú Osaka ní sukudiráfà kan tí a ń fi òòlù gbá ní ìdí. Bí òòlù ti ń kan án ni ẹnu rẹ̀ ń tẹ̀ wọlé tí ó sì ń yí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ JIS tó lè dín ìnáwó kù: sukudiráfà JIS máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójú sukúrù Phillips, ṣùgbọ́n Phillips kò lè san oore náà padà. Mẹkáníìkì tí owó rẹ̀ kò bá tó méjì lè ra JIS nìkan.

Nọ́ńbà àti ìwọ̀n

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ìdílé tí sukúrù ti wá, ó ku nọ́ńbà. Nọ́ńbà 2 ló pọ̀ jù nínú ilé, ó wà fún sukúrù tí ìbú ara rẹ̀ wà láàárín mílímítà 3.5 sí 5. Nọ́ńbà 1 wà fún mílímítà 2.5 sí 3, irú èyí tó ń di ìdérí rédíò mú. 0 wà fún mílímítà 2 tàbí kí ó dín díẹ̀. 3 wà fún mílímítà 6 tàbí kí ó lé díẹ̀. Nọ́ńbà 4 kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ ńlá. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ 0, ìyẹn 00 àti 000, ni àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village Ìkẹjà ń lò. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ ṣí iPhone má ṣe ti ibi àgbélébùú wò ó: sukúrù méjì tó wà ní ìdí rẹ̀ ní apá márùn-ún, sukudiráfà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ di ti orúkọ, èyí tó ní apá mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Torx ló yẹ kí á máa pè ní sítáà, nítorí òun ló jọ ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ àgbélébùú lára, kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àkọlé ara sukudiráfà bá ti pa rẹ́, ẹ fi rúlà wọn ọ̀pá irin rẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n ṣe bó ti yẹ, ọ̀pá nọ́ńbà 0 máa ń jẹ́ mílímítà 3, ti 1 máa ń jẹ́ 4.5 tàbí 5, ti 2 jẹ́ 6, ti 3 sì jẹ́ 8. PH2 àti PZ2 kì í ṣe ohun kan náà o; ìwọ̀n wọn ló bára mu, ìrísí wọn kò bára mu.

Ọwọ́ ni ó máa ń jẹ́rìí. Ẹ mú sukudiráfà dání ní ìbú, kí ẹ fi orí sukúrù sí i lẹ́nu, kí ẹ wá fi sukúrù náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá bára mu, sukúrù á dúró tàbí kí ó tẹ orí ba díẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, á jábọ́. Ìdánwò yìí kò wúlò bí mágnẹ́ẹ̀tì bá wà lẹ́nu sukudiráfà, nítorí mágnẹ́ẹ̀tì máa ń gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà náà, ẹ ti ẹnu sukudiráfà bọ ojú sukúrù tó ti wà nídìí iṣẹ́, kí ẹ yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìlo agbára. Bí ó bá ń mì kí ó tó di sukúrù mú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Láàárín nọ́ńbà méjì tó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì wọlé, èyí tó tóbi ni kí ẹ mú.

Ní ojú ọjà

Ẹ mú sukúrù tí ẹ fẹ́ yí dání lọ sí ọjà. Ọlọ́jà lè rẹ́rìn-ín, kò burú. Wo ẹnu irin náà dáadáa: apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ọ̀kan má nípọn ju èkejì lọ, kí dídán tí wọ́n fi kùn ún má sì di kókó sí igun rẹ̀. Àwọn tó dára máa ń fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní dúdú tàbí eérú tí kò dán, nítorí pé ìkùn dídán ń yọ̀. Bí wọ́n bá kọ CrV sí ọ̀pá rẹ̀, irin líle tó pọ̀ nílé àti nísọ̀ ni. S2, oríṣi irin líle mìíràn, dára fún ẹnu ìpààrọ̀ tí a ń fi sí ẹnu dríìlì, nítorí pé ó ń gba ìlù àti ìyí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tẹ lẹ́tà mẹ́ta sára irin, nítorí náà ojú àti ọwọ́ ni kí ẹ gbà gbọ́ ju àkọlé lọ.

Èmi kì í ra àpótí olówó pọ́ọ́kú tó ní ọgọ́rùn-ún ẹnu ìpààrọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún náà, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ènìyàn máa lò, àwọn márùn-ún yẹn ló sì máa kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó ń gbé ilé lásán, kí ó ra PH2, PZ2 àti PH1 tó dára, ó parí. Káfíńtà tó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù lè fi PZ3 kún un, kí ó sì máa ra ẹnu ìpààrọ̀ PZ2 ní ìdì, nítorí ohun tó ń jẹ tán ni. Onínáá á fi àdàpọ̀ PZ/S kún un. Mẹkáníìkì alùpùpù, JIS nọ́ńbà 1, 2 àti 3.

Bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbọn ìdọ̀tí inú ihò náà kúrò pẹ̀lú abẹ́rẹ́, nítorí pé mo ti rí sukúrù tí wọ́n ní ó ti jẹ tó jẹ́ pé ọ̀dà gbígbẹ ló kún ojú rẹ̀. Bí ó bá dípẹtà, ẹ kán epo tó ń wọ inú ìpẹtà sí i, kí ẹ sì fún un ní àkókò. Wákàtí kan sàn ju ìṣẹ́jú kan lọ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì sàn ju wákàtí kan. Ìpara oníyanrìn tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù, bí a bá fi díẹ̀ sẹ́nu sukudiráfà, máa ń jẹ́ kí ó di ojú tó ti ń yọ̀ mú. Rọ́bà fífẹ̀ tí a tẹ́ sáàárín irin àti ihò máa ń ṣiṣẹ́ fún sukúrù kékeré tí kò le púpọ̀, kò sì ṣiṣẹ́ fún èyí tó le. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti sukudiráfà tí a ń fi òòlù gbá, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ayùn irin tí a fi ń la ojú fúláàtì sí orí sukúrù tó bá yọrí síta. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ti sukúrù yàtọ̀: bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ fi dríìlì bẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ gbé ohun tó dì mú kúrò, kí ẹ sì fi púláyà di ọrùn tó ṣẹ́kù kí ẹ yí i jáde.

Ẹ má ṣe dá sukúrù tí ojú rẹ̀ ti jẹ padà sáàyè rẹ̀. Èmi mú àwọn méjì tí mo bà jẹ́ dání lọ sí Ládípọ̀, mo sì fi wọ́n wọn tuntun kí ìlà ìyí wọn lè bá ti kabúrétọ̀ mu. Èyí tí mo rí kò ní àgbélébùú lórí, ihò igun mẹ́fà tí à ń fi Allen yí ni. Méjì ti ilé iṣẹ́ àti méjì ti Ládípọ̀ ló ń di abọ́ kabúrétọ̀ náà mú títí tí mo fi ta alùpùpù náà, epo kò sì jò mọ́.